Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọkọ̀ Lórúkọ

Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo yín nínú. Òtítọ́ korò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní olùkọ́, tí ó sì ń fi òtítọ́ pamọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, kí ó yáa lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ní ìpàdé tí a ṣe lẹ́yìn ọyẹ́ tó kọjá, mo sọ fún ẹgbẹ́ pé a rí ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan tí a fi igi gbẹ́ nínú ogún baba ńlá mi. Kò tó wákàtí kan tí ìmọ̀ràn mẹ́ta fi jáde. Àwọn kan ní kí ẹbí tà á. Àwọn kan ní kí a yá òtẹ́ẹ̀lì kan, kí wọ́n gbin òdòdó sínú rẹ̀ fún àwọn àlejò láti máa ya àwòrán. Ìmọ̀ràn kẹta ni ó gba àtẹ́wọ́ jù lọ: kí a fi ọ̀dà pupa àti ọ̀dà ewé kùn ún, kí a gbé e síwájú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, kí a sì kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé «Ọkọ̀ Àwọn Baba Ńlá Wa, Ọmọ Yorùbá».

Nínú gbogbo ariwo ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó bèèrè ẹni tí ó gbẹ́ ọkọ̀ náà. Kò sí ẹni tí ó bèèrè irú igi tí ó jẹ́, iṣẹ́ tí ó ṣe, tàbí ẹni tí ó ni ín. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwa ti sọ ọkọ̀ lórúkọ, a ti ń pín ẹran ìkómọjáde, a kò sì tí ì wo ilé rárá.

Ohun tí mo ń jà fún nínú àkọsílẹ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Mo ní ẹni tí kò bá tí ì mọ ohun tí ó jogún kò ní ẹ̀tọ́ láti yan ibùgbé fún un. Nígbà tí a bá sì mọ̀ ọ́n, ibi tí ó yẹ ẹ́ lè má jẹ́ ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀sà Àjàṣẹ́ ni ilé baba tó bí baba mi wà. Oníṣòwò ni wọ́n. Wọ́n máa ń kó epo pupa àti gàrí lọ sí Àgbádárìgì àti Èkó, wọ́n sì máa ń kó aṣọ, iyọ̀ àti kẹrosíìnì bọ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n baba mi tí wọ́n jẹ́ olórí ẹbí papòdà, a ṣí àká tó wà lẹ́yìn ilé. Abẹ́ páànù ògbólógbòó àti èèpo àgbọn ni a ti bá ọkọ̀ náà ní ìdojúdé. Adìyẹ ti sọ abẹ́ rẹ̀ di ibi tí wọ́n ń yé sí. Ìyàwó àbúrò baba mi kan wò ó títí, wọ́n ní igi rẹ̀ yóò yan ẹja fún oṣù méjì gbáko.

Kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ tí oníṣòwò ohun àtijọ́ kan fi dé lórí zẹ́mìjàn. A kò mọ ẹni tí ó sọ fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò baba mi àgbà, ó ní, «Baba, igi lásán ni ẹ ń wò yìí, ikán á kúkú jẹ ẹ́. Mo máa fún yín ní 60.000 owó sẹ́fà, mo sì máa gbé e fúnra mi.» Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn kan létí. Èmi nìkan ni mo bèèrè pé bí ó bá jẹ́ igi lásán, kí ni ó dé tí ènìyàn fi ń gun alùpùpù láti Kùtọnú wá rà á?

Mo bẹ ẹbí pé kí wọ́n fún mi ní oṣù kan. Ìtàn àti ìmọ̀ ayé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́jì. Mo kó akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá wá sí ilé náà ní Ọjọ́rú mẹ́rin, pẹ̀lú okùn ìwọ̀n, bébà, pẹ́ńsù àti fìtílà ọwọ́. Mo ń sọ ohun tí a ṣe yìí kí ẹ lè rí i pé kò la owó lọ, kò sì béèrè ìmọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí a kò ní.

A kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 6 àti sẹ̀ǹtímítà 80, ibi tí ó fẹ̀ jù lọ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 72. Ní ìdajì mítà kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ wọn fífẹ̀ rẹ̀ àti jíjìn rẹ̀, wọ́n sì yà á sórí bébà. Nípa báyìí ni a fi rí i pé ọkọ̀ náà tẹ̀ díẹ̀ sí ọwọ́ òsì. Igi tí a fi gbẹ́ ẹ tẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀, agbẹ́kọ̀ sì mọ̀, nítorí ó jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kejì nípọn jù kí ọkọ̀ má baà fì.

Lẹ́yìn èyí, a tan iná sí inú rẹ̀. Isàlẹ̀ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ojú irin sì wà níbẹ̀ ní ìlà ní ìlà. Ẹyọ igi kan ṣoṣo ni, kò sí pákó kankan tí a so pọ̀. Iná ni agbẹ́kọ̀ fi ran irin lọ́wọ́ láti gbẹ́ ikùn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bèèrè ìbéèrè tí èmi fúnra mi kò rò. Ó ní, «Ọ̀gá, bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ apẹja, ṣé okùn àwọ̀n kò yẹ kí ó ti jẹ etí rẹ̀?» A wo etí rẹ̀ yíká, kò sí ojú okùn. Ní isàlẹ̀, a rí ojú igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà tí a ti tẹ́ ní ìbú fún ọdún pípẹ́ kí ẹrù má baà kan omi tó ń jò wọlé. Ọkọ̀ ẹrù ni, kì í ṣe ọkọ̀ ẹja.

Ibi mẹ́rin ni a fi páànù lẹ̀ níbi tí ó ti là. Páànù agolo ni. Lẹ́tà ṣì wà lára méjì nínú wọn: ọ̀rọ̀ Faransé wà lára ọ̀kan, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára èkejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn mọ̀ pé ní ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó pín ilẹ̀ yìí, tí Kétu àti Àjàṣẹ́ fi bọ́ sí ọwọ́ kan, tí Àgbádárìgì bọ́ sí ọwọ́ kejì. Ọ̀sà kò ka ìwé náà. Ọkọ̀ tó bá là ní ìhín, agolo ìhín ni wọ́n fi dí i. Èyí tó bá là ní ọ̀hún, agolo ọ̀hún ni. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ nípa ààlà yẹn láti inú ìwé fún ọdún mẹ́jọ. Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kan páànù méjèèjì ni mo rí i lójú wọn pé ó yé wọn.

Ó ku igi. Gbogbo ẹbí ni ó gbà pé ìrókò ni, nítorí ìrókò ni igi tí ó ní ọlá lẹ́nu wa. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ó jẹ́ ọmọ Aguégués, níbi tí odò Ouémé ti ń ya wọ inú ọ̀sà, ní baba ìyá òun gbẹ́ ọkọ̀ rí. A lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì wá. Èdè Ègùn ni wọ́n ń sọ, ọmọ-ọmọ wọn ń túmọ̀. Wọ́n fi ìka kan ọkọ̀ náà bí ẹni ń dán ìlù wò, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, «Ta ló sọ fún yín pé ìrókò ni? Bí ó bá jẹ́ ìrókò, ṣé ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí ni ẹ máa gbé e yí padà?» Ọ̀mọ̀ ni, igi tí a fi ń gbẹ́ ìlù, tó fúyẹ́, tí kì í tètè là. Wọ́n tún fi ọwọ́ pa ìdí ọkọ̀ náà, wọ́n sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn ènìyàn àwọn ṣe ń gé ìdí ọkọ̀ nìyẹn, pé baba àwọn ni ó kọ́ àwọn bẹ́ẹ̀.

Mo jẹ́wọ́ pé inú mi bàjẹ́ díẹ̀. Mo ti ń retí kí ọkọ̀ náà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Yorùbá. Mo lọ bá ìyá àgbà kan nínú ilé wa, àwọn nìkan ni wọ́n ṣẹ́kù nínú àwọn tí wọ́n mọ baba ńlá mi dáadáa. Mo ní, «Ìyá, ta ni ó ń wa ọkọ̀ baba?» Wọ́n ní, «Ta ni nínú ilé yìí tí ó mọ ọkọ̀ wà? Baba yín ò mọ̀ lúwẹ̀ẹ́! Àárín ẹrù ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, wọ́n á máa pe orúkọ Ọlọ́run. Àwọn Ègùn ló ń wà á.»

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí a bá kọ «Ọkọ̀ Àwọn Baba Ńlá Wa» sí i lára, irọ́ ni a kọ. Owó baba ńlá wa ni a fi rà á, ẹrù wọn ni ó rù, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó gbẹ́ ẹ, apá ẹlòmíràn ni ó wà á. Kí ni Yorùbá pàdánù bí a bá sọ bẹ́ẹ̀? N kò rí i. Ìlú tí ọkọ̀ náà wà fúnra rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta: àwa ń pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn Ègùn ń pè é ní Hogbonu, ìwé ìjọba ń pè é ní Porto-Novo. Ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí nìkan ni ìlú náà ń jẹ́ kò tí ì gbé ibẹ̀ rí. Àṣà tí ó dúró lórí òtítọ́ kò nílò iṣẹ́ ọwọ́ aládùúgbò kí ó tó gbayì.

Ẹ jẹ́ kí n wá dojú kọ àwọn tí wọ́n ní kí a tà á. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 padà fún ilẹ̀ wa, àwọn ohun tí ọmọ ogun Dodds kó ní Abomey nígbà ogun ọdún 1892. Gbogbo wa ni inú wa dùn. Nínú ẹgbẹ́ yìí, a ṣe àpérò lé e lórí, a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, a ní kò tó, kí wọ́n dá ìyókù padà. Òótọ́ ni a sọ. Ṣùgbọ́n ojú wo ni a ó fi béèrè fún ohun tí ogun kó lọ, bí a bá ń fi ọwọ́ ara wa gbé èyí tó ṣẹ́kù lé orí zẹ́mìjàn? Èyí tí Dodds kó, a lè sọ pé olè ni. Èyí tí a bá tà ní 60.000, ìwé owó ni àwọn ọmọ wa yóò bá níbẹ̀, orúkọ wa ni yóò sì wà lórí rẹ̀.

Ẹnìkan yóò ní ẹni tó yó ni ó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. N kò fi ìṣòro ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Òrùlé àbúrò baba mi ń jò, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣe ìṣirò. Ogún ẹbí ni ọkọ̀ náà, kò sí ẹnì kan tí ó lè dá a tà. Ọmọ-ọmọ baba ńlá mi tó wà láàyè jẹ́ 43. Bí a bá pín 60.000 sí ọ̀nà 43, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó 1.400 owó sẹ́fà. Iye tí a fẹ́ gbà kí a má ní ọkọ̀ mọ́ títí ayé nìyẹn, kò sì lè ra páànù ìbolé kan. Ní ti òtẹ́ẹ̀lì tí ó fẹ́ gbin òdòdó sínú rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ tútù nínú àti oòrùn lórí ni ikú igi. Ọdún mẹ́ta kò ní pé, òdòdó ni yóò kù.

Àtakò kan wà tí ó wúwo ju ìwọ̀nyí lọ, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ni ó gbé e dìde, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ó ní fífi ohun àtijọ́ pamọ́ kì í ṣe àṣà wa. Ó ní nígbà tí ikán bá jẹ ère, àwọn baba wa á gbẹ́ òmíràn. Nígbà tí ọkọ̀ bá gbó, wọ́n á fi dá iná, wọ́n á gé igi mìíràn. Ó ní òyìnbó ni ó kọ́ wa láti máa tọ́jú òkú igi.

Òótọ́ ni ó sọ nípa àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n kí ni ó mú kí wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìpàdánù ohunkóhun? Agbẹ́kọ̀ wà láàyè ni. Ìmọ̀ náà wà ní ọwọ́ rẹ̀ àti ní ọwọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀. Igi lè lọ, ọkọ̀ kò lọ. Lónìí, ọkọ̀ pákó ni ó kún ojú ọ̀sà, igi ńlá ti dínkù nínú igbó, baba tí wọ́n wá wo ọkọ̀ wa sì sọ fún mi pé láti ogún ọdún sẹ́yìn, kò sí ọmọ kan tí ó wá kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ àwọn. Nígbà tí ọwọ́ bá ń kú, ohun tí ọwọ́ ṣe ni ìwé tó kù. Ẹni tí ó bá dáná sun ún kò tẹ̀ lé àṣà baba rẹ̀. Ó fi orúkọ àṣà sun àṣà ni.

Ẹ rántí ọkọ̀ Dufuna. Ní ọdún 1987, ní apá àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, darandaran kan ń gbẹ́ kànga ni ó kan ohun líle kan nínú ilẹ̀. Ọkọ̀ ni, gígùn rẹ̀ lé ní mítà 8, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí 8.000 ọdún. Kò sí ọkọ̀ tí a tíì rí ní Áfíríkà tí ó dàgbà tó o. Darandaran náà kò lọ sí yunifásítì. Ó ní àáké, ó sì nílò igi ìdáná bí gbogbo wa. Ó sọ ohun tí ó rí fún àwọn ẹlòmíràn kí ó tó ṣe ohunkóhun. Ohun tí mo ń bẹ àwa tí a kàwé pé kí a ṣe nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ kí a gbé e síwájú gbọ̀ngàn, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó ń tì yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo àgbàlá gbọ̀ngàn wa. Kò sí òrùlé níbẹ̀. Igi tó ti gbé inú omi, tó tún gbé inú àká fún ọdún púpọ̀, bí a bá gbé e sínú oòrùn lójijì, yóò là láti orí dé ìdí. Òjò yóò wọ inú rẹ̀, ikán yóò gba ìsàlẹ̀ wọlé, ọ̀dà tí a kùn yóò sì bo ojú irin àti ojú iná tí ó jẹ́ ìtàn rẹ̀. Mo tún lọ bèèrè ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì sọ fún mi tọkàntọkàn pé kò sí àyè tí ọkọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lè gbé.

Nígbà náà ni mo padà lọ bá baba agbẹ́kọ̀ ní Aguégués. Wọ́n ní àwọn ní àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, níbi tí àwọn ọmọ àwọn ti ń kan ọkọ̀ pákó. Wọ́n ní bí a bá gbé ọkọ̀ náà wá, àwọn yóò fi kọ́ àwọn ọmọ àwọn bí a ṣe ń gé ìdí ọkọ̀, kí ó tó di pé ojú àwọn kò ríran mọ́. Inú ẹbí wa kò kọ́kọ́ dùn sí i. A pe ìpàdé, gbogbo ìdí-igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rán aṣojú wá, a jiyàn fún ọjọ́ méjì. Ìyá àgbà ni wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní, «Ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n wà ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ̀yin, adìyẹ ni ẹ fi ń sìn níbẹ̀.»

A ti fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan mẹ́ta, a sì ti kọ wọ́n sílẹ̀. Èkíní, ọkọ̀ náà ṣì jẹ́ ti ẹbí wa. A fi í sọ́dọ̀ wọn ni, a kò tà á, àwọn náà kò sì gbọdọ̀ tà á. Èkejì, a kò ní kùn ún, a kò ní gbé e sójú omi. Orí igi ìdábùú ni yóò wà, kí ilẹ̀ má kàn án, lábẹ́ òrùlé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ̀kẹta, pátákó kékeré kan yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní èdè Ègùn, Yorùbá àti Faransé, tí yóò sọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, ẹni tí ó rà á, ẹni tí ó wà á, àti ohun tí ó rù.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ nìyí. Kí owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀dà àti fún ayẹyẹ ìgbọ́kọ̀kalẹ̀ lọ sí páànù òrùlé àtíbàbà náà àti sí pátákó. Kí ìwé ìròyìn yìí tẹ àwòrán tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yà jáde pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Àti pé, kí olúkúlùkù yín padà sílé, yálà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́, kí ó ṣí àká baba rẹ̀. Ohun yòówù kí ẹ bá níbẹ̀, ọlọ ni o, ìlù ni o, òfì ìhunṣọ ni o, ẹ bèèrè kí ẹ tó gbé e: kí ni wọ́n fi ṣe é? Ta ni ó ṣe é? Iṣẹ́ wo ni ó ṣe, ojú iṣẹ́ náà dà lára rẹ̀? Ta ni ó ni ín? Ta ni ó ṣì mọ̀ ọ́n lò? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ nígbà tí àwọn ìyá àgbà ṣì wà láti dáhùn.

Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èépo igi. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, n óò na ọwọ́ sókè, n óò sì gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ fún ìdìbò. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, kí ó wá sọ ìdí rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ní ti ọ̀dà tí a ti rà sílẹ̀, ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn wa ti ń bó láti ìjẹta; ẹ jẹ́ kí a lọ kùn ún.